Tokyo sí Osaka: ṣé bàlúù ni tàbí rélùwéè?

Bí ẹ bá wo aago ara tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, bàlúù ti borí: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pápákọ̀ Haneda ní Tokyo dé pápákọ̀ Itami ti Osaka. Nozomi, rélùwéè tó yá jù lójú ọ̀nà náà, ń lo bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lórí irin kìlómítà 515. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sùn ní pápákọ̀ òfurufú: ẹ ó kọ́kọ́ wọkọ̀ débẹ̀, ẹ ó sì tún wọkọ̀ kúrò níbẹ̀.

Orúkọ pápákọ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Haneda (HND) àti Itami (ITM) sún mọ́ ìgboro. Narita (NRT) jìnnà tó bíi kìlómítà 60 sí àárín Tokyo, Kansai (KIX), pápákọ̀ Osaka kejì, sì wà lórí erékùṣù tí wọ́n fọwọ́ kọ́ sínú òkun. Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú tó ń wọni lójú, Narita sí Kansai ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì láti Tokyo Station dé Narita: 1,500 yẹ́nì, ó lé ní wákàtí kan. Ẹ ní láti débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, torí kántà sábà máa ń tì nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá pẹ́ dé, owó rẹ̀ wọgbó. Lójú òfurufú, wákàtí kan ààbọ̀. Ìdúró de ẹrù, ìṣẹ́jú 20. Rélùwéè Nankai láti Kansai dé Namba ní ìgboro Osaka, ìṣẹ́jú 45, bíi 1,000 yẹ́nì. Ó ti ń lọ sí wákàtí márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, báàgì ọwọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ bàlúù pọ́ọ́kú ń gbà kì í sábà kọjá kílò 7, ẹrù tí ẹ kò sanwó rẹ̀ sílẹ̀ sì máa ń wọ́n sí i ní kántà.

Nozomi gbówó lórí, bíi 14,700 yẹ́nì fún ìjókòó tí ẹ bá yàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrù: àfikún rẹ̀ kò pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra ni wọ́n ń gbéra. Ẹ fi tépù wọn báàgì: bí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ lápapọ̀, ẹ yan ìjókòó ẹ̀yìn pátá tó ní àyè ẹrù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò bá yàn án ń san 1,000 yẹ́nì. Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé tún ń gbé yín láti Shin-Osaka, ibùdókọ̀ tí Nozomi ń já èrò sí, dé Osaka Station. Èyí tí ẹ rà lórí fóònù dúró sí Shin-Osaka, ẹ óò san owó ọkọ̀ míì.

Nígbà ọdún tuntun, Golden Week (ìsinmi ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún) àti Obon (ọdún ìrántí àwọn baba ńlá nínú oṣù kẹjọ), gbogbo ìjókòó Nozomi ni wọ́n ń yàn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá yàn, ìdúró ló máa bá lọ.

Itami kì í ṣiṣẹ́ kọjá aago 9 alẹ́, bàlúù tó bá pẹ́ lè lọ balẹ̀ sí Kansai.

Ẹ fẹ́ rí òkè Fuji? Ìjókòó E nínú Nozomi, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 40 tí ẹ bá ti kúrò ní Tokyo.

Bàlúù yẹ ẹni tó ń gbé lẹ́bàá Haneda, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sí Narita láti òkè òkun tó fẹ́ wọ òmíràn níbẹ̀. Ó tún yẹ ẹni tí kò ní ju báàgì kékeré kan lọ, tí gbogbo ọjọ́ sì wà nílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́wọ́ àti ẹrù lẹ́yìn, kó gba Nozomi.