Mówà Elépo àti Mówà Oníbátìrì: Èwo Ló Yẹ Ọgbà Ilé Yín l'Ékòó?

Kò sí mówà tí kì í gé koríko lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé láti ọjà. Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ máa tó mọ ohun tí ẹ rà. Òjò àkọ́rọ̀ á ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, koríko kápẹ́ẹ̀tì tí ọyẹ́ ti sọ di pupa bí ẹní gbígbó á ti gbérí, ẹ̀yin náà á wá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ gbé ẹ̀rọ tó ti ń sùn níbẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Ìgbà yẹn ni wàhálà tó ń bẹ̀rẹ̀.

Gbàgádà ni mò ń gbé. Plọ́ọ̀tì kan ni ilé wa wà lórí rẹ̀, ilé gan-an ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Koríko tó ṣẹ́ kù níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́jọ lè dúró sí lọ. Mo ti ra elépo, mo ti ra oníbátìrì, owó ara mi ni mo fi rà wọ́n. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi wéra. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ ká tètè yà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tí ń fa wáyà iná lẹ́yìn, kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 120V ló máa ń jẹ. Iná tiwa jẹ́ 230V sí 240V. Ẹ tì í bọ ara ògiri báyìí, èéfín lẹ máa rí kí ẹ tó rí koríko tó gé. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba bá iná wa mu, ṣùgbọ́n ó lè jẹ 1,400 sí 1,800 watts, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò tó 1,000. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí NEPA bá wà ni ọjọ́ tí koríko yín máa kúrú. Wáyà ọ̀hún ńkọ́? Ọjọ́ kan ni abẹ máa gé e.

Èyí tí a ń fi ọwọ́ tì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, irú èyí tí Edwin Budding kọ́kọ́ ṣe ní Ìlú Ọba ní 1830, dára fún koríko bahama tí ẹ bá ń gé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fi lè fo ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kẹfà, á kàn máa tẹ koríko lórí ba ni. Koríko náà á dìde lẹ́yìn yín bí ọmọ tó díbọ́n pé òun sùn.

Ti èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, igbó ni wọ́n ṣe é fún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ létí gọ́tà àti nídìí ògiri, níbi tí mówà kò lè dé. Ẹ fi gé kápẹ́ẹ̀tì, ọgbà yín á dà bí orí ọmọ tí ọmọṣẹ́ onígbàjámọ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ó ń ta òkúta pẹ̀lú. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ayálégbé wa ló kọ́ mi ní ìyẹn, mo sì sanwó ẹ̀kọ́ náà pé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ epo àdàpọ̀, 20 sí 40 mílílítà ọ́ìlì sínú lítà pẹtiróòlù kan. Ọjọ́ tí ẹni tí ń bá yín gé e bá gbàgbé ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á gan pa.

Ó ku elépo tí ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀, epo lọ́tọ̀, àti oníbátìrì.

Ní ti ariwo, oníbátìrì ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ lè fi gé koríko ní aago méje àárọ̀ Sátidé kí aládùúgbò má tilẹ̀ yíra lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ti ìwúwo, òun náà ni: ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS3 ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Ní ti owó ìlò, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bátìrì 36V tó jẹ́ 4Ah kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje yúníìtì iná kan. Kódà ní iye tí wọ́n gbé Band A (àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́) lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyẹn ₦225 fún yúníìtì kan, kò tó ₦50 kí ó tó kún. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀, láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, tí iye lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, a ò tún gbọ́ pé ó padà síbi tó wà. Tèmi kì í mu tó lítà kan kí n tó gé gbogbo ibi tí mo ní tán. Síbẹ̀, mo gbà fún oníbátìrì.

Ní ti agbára, ibẹ̀ ni nǹkan ti yàtọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ sára páálí tèmi. Nínú kápẹ́ẹ̀tì oṣù keje, tí ó ki, tí ìrì sì wà nídìí rẹ̀, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni mo kà lórí fóònù. Mo gé dé ìdí igi máńgòrò, ó dákẹ́. Apá kan ọgbà gérùn, apá kejì kò gé, àlejò sì ń bọ̀ ní aago kan. Ẹni tó bá máa rà á, kó ka owó bátìrì kejì mọ́ ọn kó tó kúrò nílé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oorun tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò rí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ nínú ọjà, bẹ́ẹ̀ òun ló jẹ mí lówó jù.

Mówà Èkó kì í ṣiṣẹ́ yí ọdún ká. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹ ò ní sinmi. Nígbà tó bá di oṣù kọkànlá, koríko ò dàgbà mọ́, ẹ̀rọ á lọ sùn fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ní elépo, mo gbé e wọlé pẹ̀lú ìdajì táǹkì epo nínú rẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé mo ṣe ọlọ́gbọ́n, pé epo ti wà nílẹ̀ dè mí. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, mo fa okùn. Ọkọ mi fa okùn. Mégáàdì bọ́ ẹ̀wù, òun náà fa okùn títí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Mẹkáníìkì kìíní ní púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó. Ẹnì kejì ní ríǹgì ló ti lọ, pé kí n wá owó ńlá. Gbogbo ìgbà yẹn, koríko ti dé orúnkún, wọ́n ti pa ejò kékeré kan nídìí táǹkì omi.

Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìkóríta wa ni ẹ̀kẹta. Kò fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó fi imú sí i, ó ní, "Mọ́mì, epo yìí ti kú." Ó tú kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ó yọ jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, idẹ kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní kí n yọjú wò ó. Mi ò rí nǹkan kan. "Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, mà." Ó já fọ́nrán kan ṣoṣo lára wáyà iná àlòkù, ó kì í bọ ihò náà, ó ń tì í ó ń fà á, nǹkan kan tó lẹ̀ bí àtè bá a jáde. Ó fi epo tuntun ṣàn án, ó tún gbé e sókè. Mo wá rí i: ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, bí ojú abẹ́rẹ́. Ó tò ó padà, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Owó tó gbà kò tó ìdajì ohun tí mo ti san fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé pẹtiróòlù tó bá ti lé ní oṣù kan nínú táǹkì ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fò lọ, èyí tó kù á ki, á sì dí ojú ibi tó kéré jù. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gé koríko ìkẹyìn lọ́dún, mi ò ní pa ẹ̀rọ náà. Màá jẹ́ kó mu epo rẹ̀ tán, kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, kò tíì gbà ju kí n fa okùn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ lóṣù kẹrin.

Ṣùgbọ́n kí n tó gba ìmọ̀ràn yìí dáadáa, inú ti bí mi sí elépo. Àbúrò ọkọ mi ló ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ ń fi ọ̀rọ̀ kàbúrétọ̀ da ara yín láàmú sí?" Mo bá lọ ra oníbátìrì, tuntun nínú páálí. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, mo gbádùn rẹ̀ ní ọdún náà. Oṣù kọkànlá dé, mo fi gé ti ìkẹyìn, bátìrì kú sí mi lọ́wọ́, mo yọ ọ́, mo gbé e sórí pẹpẹ inú sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù. Ó di oṣù kẹrin kí n tó tún fojú kàn án.

Mo tì í bọ ṣájà. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ṣì ń ṣẹ́jú. Irú bátìrì lithium yìí kì í fẹ́ ṣófo kalẹ̀ pẹ́, ooru sì ń bà á jẹ́ sí i. Bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn náà ló ń jò díẹ̀díẹ̀, tó bá ti wálẹ̀ kọjá ibì kan, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ ọ nínú á ti ilẹ̀kùn, kò ní jẹ́ kí ṣájà fún un ní iná mọ́, nítorí ó lè gbiná. Ẹni tó tà á fún mi wò ó, ó ní wárántì ò kan bátìrì tí wọ́n fi ebi pa. Mo ní kó ta òmíràn fún mi. Ó ní èyí tó ń wọlé báyìí, ẹnu rẹ̀ kò bá ti ẹ̀rọ mi mu. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo dé lẹ́yìn tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀, owó tó dá lé e sì súnmọ́ ìdajì ohun tí mo fi ra odindi mówà. Ọmọ kan tó ń ṣe ínfátà ní òun lè tú u, kí òun pààrọ̀ àwọn ẹyin bátìrì kéékèèké inú rẹ̀. Mo wo ilé mi, mo wo ọmọ náà, mo gbé bátìrì mi, mo lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo ṣẹ àwọn méjèèjì: mo gbàgbé wọn. Ọ̀kan rí ẹni jí i ní ìkóríta pẹ̀lú fọ́nrán wáyà. Èkejì kò rí ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí í tọ́jú nǹkan, oníbátìrì kò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ ní ìdajì, kó má kún, kó má ṣófo, ẹ gbé e síbi tó tutù nínú ilé, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù méjì méjì. Kò le rárá. Ẹ sá bi ara yín léèrè ẹni tó máa rántí rẹ̀ nínú oṣù kejìlá, láàárín ìgbéyàwó mẹ́ta àti ìkómọ méjì.

Elépo náà ní ìkà tirẹ̀. Ẹ ó máa yí ọ́ìlì rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí ẹ bá sì fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ má sì dojú rẹ̀ dé bí ìkòkò: ẹ̀gbẹ́ tí kàbúrétọ̀ wà ni kó wà lókè. Mo yí i sódì rí. Ọ́ìlì wọ fílítà, ẹ̀rọ tú èéfín funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ilé kejì fi sáré wá wò ó bóyá ilé wa ń jó.

Tí ẹ bá fẹ́ ra elépo tòkunbọ̀, ẹ sọ fún olùtajà kó má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí èéfín ń gbà jáde. Bó bá ti gbóná, ó ti jí i sílẹ̀ dè yín, ẹ ò sì ní mọ bó ṣe ń jí láàárọ̀. Ẹ wo abẹ́ páànù tó bo abẹ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lu. Ẹ bá a tan án, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú: bó bá ń gbọ̀n yín dé èjìká, irin tó gbé abẹ ti tẹ̀, ẹ máa lọ. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ Honda tàbí Briggs & Stratton ni kí ẹ fi ojú sí, torí ẹ ó rí ẹ̀yà rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe sì mọ inú wọn.

Ẹ̀yin ará Lẹ́kí àti Ajah, iyanrìn ni ilẹ̀ yín, ẹ wá èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, kó má baà máa rì. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun sì ń jẹ páànù, ẹ máa nù ún gbẹ.

Ìdájọ́ mi: ẹni tó wà ní fúláàtì, tí koríko rẹ̀ kò ju ẹní méjì lọ, tàbí tí ẹ́sítéètì rẹ̀ kò fẹ́ ariwo, kó ra oníbátìrì, kó sì fi ìrántí rẹ̀ sínú fóònù. Àwọn méjèèjì ló dára. Èyí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mi báyìí, epo ló ń mu. Oníbátìrì ṣì wà nínú sítọ́ọ̀, abẹ rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ara rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Ẹni tó bá ní bátìrì tí ẹnu rẹ̀ bá a mu, kó wá gbé e lọ. Owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni màá gbà.