Supabase: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ RLS

Fún ẹni tó ń kọ áàpù àkọsílẹ̀ kaṣú ní Kàbà tàbí Ìsánlú, Supabase, iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá áàpù tọ́jú dátà, dára gan-an: PostgreSQL gidi (ètò ìpamọ́ dátà) ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tan RLS (Row Level Security, ààbò tó ń pinnu ìlà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí) lórí tábìlì láìkọ policy (òfin tó ń fúnni láyè) kankan, tí áàpù sì fẹ́ kà á, kò ní ké àṣìṣe o. [] lásán, ìyẹn àkójọ òfìfo, lẹ máa rí, bí ẹni pé tábìlì ṣófo. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa RLS, policy SELECT, èyí tó ń fúnni láyè láti ka dátà, ni kẹ́ ẹ kọ. Kọ́kọ́rọ́ service_role (kọ́kọ́rọ́ àṣírí alágbára) máa ń fo RLS kọjá, ẹ má fi í sínú áàpù láéláé! Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò bá ní IPv6 (irú àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun), ìsopọ̀ tààrà sí ibi ìpamọ́ dátà kò ní wọlé. Ẹ lo session pooler (alárinà ìsopọ̀), port 5432. Iṣẹ́ tó bá wà lórí ètò ọ̀fẹ́ Supabase máa ń dúró bí a kò bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn sì nira nígbà tí kaṣú bá ti tán lọ́jà, tí ẹnì kankan kò lo áàpù.