Old School RuneScape fún ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́: àáró orí fóònù

Old School RuneScape kì í fi ẹwà fa ojú. Àwòrán inú rẹ̀ ṣì rí bí ti ọdún 2007, nítorí ẹ̀dà oṣù kẹjọ ọdún náà ni Jagex, ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé padà síta ní oṣù kejì ọdún 2013. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló ti wà lórí fóònù, àkáǹtì kan náà sì ni ẹ ó máa lò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún bá ń wá géèmù idán àti idà tí wọn á jọ máa gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fóònù wọn kì í ṣe olówó ńlá, tí nẹ́tíwọ̀kì wọn sì máa ń ṣe ségesège, èyí ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ fún wọn.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Sáfà rẹ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ni ó fi ń kó àṣẹ gbogbo ènìyàn jọ kó tó mú un ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Tick ni àwọn tó ń gbá a ń pè é. Bí àṣẹ yín bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, ó ṣì máa bá tick tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò ní jẹ́ ẹrù lórí ẹni tó wà ní London. Nínú àtòjọ world, ìyẹn àwọn sáfà tí ènìyàn lè wọ̀, ẹ mú èyí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì, kí gbogbo yín sì wọ nọ́ńbà kan náà, torí ẹni tó bá wà ní world mìíràn kò lè rí yín. Ẹ má wọ èyí tí wọ́n kọ PvP sí: pípa ni àwọn ènìyàn ń pa ara wọn níbẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti fi gbá a pọ̀ ni Group Ironman, tó dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ènìyàn 2 sí 5 ló ń para pọ̀ di ẹgbẹ́. Yàtọ̀ sí bond, tí a fi ń san owó géèmù, ẹ kò lè ra nǹkan ní ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Exchange, ẹ kò sì lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àjèjì. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín wá, tí ẹ sì pín láàárín ara yín, òun nìkan ni ẹ ní. Àáró gan-an nìyí. Nínú géèmù lásán, ẹni tó bá lówó á kàn lọ ra aṣọ ogun, ọ̀rẹ́ kò sì ní wúlò fún un. Níbí, ẹni tó ń pẹja ni yóò bọ́ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ ni yóò sì wọ apẹja láṣọ ogun.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà. Kí oníkálukú tó kúrò ní Tutorial Island, ó gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ Ironman tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kó yan Group Ironman. Erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ The Node ni yóò bọ́ sí, ibẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ yóò ti pe àwọn yòókù wọlé. Ẹni tó bá sáré jáde láìyan án ti di ẹni lásán, àkáǹtì tuntun ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ara yín pọ̀ lórí WhatsApp kí ẹ tó kúrò ní The Node, kí gbogbo ènìyàn sì ti dé. Bí ẹ bá mú ẹlòmíràn wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti gbéra, ẹgbẹ́ yóò pàdánù àmì ọlá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ogun steel ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ibi àfojúsùn àkọ́kọ́ tó mọ́gbọ́n dání. Ọ̀pá steel 5 ni àwo àyà ń gbà, sòkòtò 3, asà 3, ìbòrí 2, àpapọ̀ 13 fún ẹnìkan. Ọ̀pá steel kan ń gba irin 1 àti èédú 2. Fún ẹni mẹ́rin, irin 52 àti èédú 104 nìyẹn. Àyè 28 ló wà nínú àpò, nítorí náà irin 9 àti èédú 18 ni kí ẹ máa gbé lọ sí ààrò lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn mẹ́fà á parí rẹ̀. Ààrò Al Kharid dára, kò jìnnà sí báńkì. Owú alágbẹ̀dẹ tó sún mọ́ báńkì ìwọ̀-oòrùn Varrock ni kí ẹ ti rọ ọ́.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí aṣọ irin lásán. Bí ẹ bá ń yọ́ irin láìpò ó mọ́ èédú, ìdajì rẹ̀ ló ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n steel kì í bàjẹ́. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ni ìpele: 30 ni ẹ nílò láti yọ́ steel àti láti wa èédú, ṣùgbọ́n àwo àyà kò ní ṣeé rọ títí alágbẹ̀dẹ yín á fi dé ìpele 48. Tí ẹ kò bá lè dúró, chainbody, ìyẹn ẹ̀wù ogun oníṣẹ̀kẹ̀ṣẹkẹ̀, gba ọ̀pá 3 péré ní ìpele 41.

Apẹja ní tirẹ̀ lè fi edé bẹ̀rẹ̀, kó bọ́ sí ẹja trout ní ìpele 20, kó sì máa lọ sí Karamja fún lobster tó bá di 40. Ọkọ̀ láti Port Sarim gba owó 30. Lobster kan ń dá ẹ̀mí 12 padà, edé 3 péré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sè é máa jó púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ìpele 74, nítorí náà ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa sè fún gbogbo yín, kí ìpele rẹ̀ lè tètè lọ sókè.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹnìkan kò lè dá ṣe, Shield of Arrav, ní ìlú Varrock. Ẹnìkan á wọ ẹgbẹ́ olè Phoenix, èkejì á wọ Black Arm. Ti Phoenix á pa Jonny the Beard ní ilé ọtí Blue Moon, á gbé ìwé rẹ̀ fún Straven, olórí Phoenix, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé ohun ìjà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni yóò fún ti Black Arm, kó lè lọ jí ọrun Phoenix 2 fún Katrine, olórí Black Arm. Oníkálukú á mú ààbọ̀ asà lọ bá alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, á gba ìdajì ìwé ẹ̀rí méjì, á fún ẹnìkejì ní ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọba á san 600 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin, ẹ pín sí méjì-méjì. Ìyàn yìí kò ṣeé yí padà, àìsí ẹnìkejì ní ìhà kejì yóò sì tún dí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá dé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Heroes' Quest.

Àká ẹgbẹ́ wà nínú báńkì, níbi tí ẹ ó máa kó ẹrù àjùmọ̀ní sí. Ẹnìkan péré ló lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnìkan bá ṣí i sílẹ̀ tó ń ronú, àwọn yòókù á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ pa á dé.

Ní ti ogun, ẹ wo igun ojú fóònù kí ẹ tó kọlu ohunkóhun. Níbi tí kò bá sí àmì idà méjì tó gbé ara wọn lé, ẹnìkan ṣoṣo ló lè bá ẹranko kan jà.

Ibi tí àjùmọ̀ṣe ti dùn jù lójú tiwa ni Barbarian Assault, eré ogun kékeré kan nínú géèmù náà. Ẹni márùn-ún ló ń wọlé, ipò mẹ́rin ló wà: akọlù, olùṣọ́, olùkójọ àti oníṣègùn. Ẹwà rẹ̀ ni pé ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò hàn lójú yín, ojú ẹlòmíràn ló wà. Akọlù ló ń rí àwọ̀ ẹyin tí olùkójọ gbọ́dọ̀ ṣà. Olùkójọ ló ń rí irú ìkọlù tí akọlù gbọ́dọ̀ lò. Olùṣọ́ àti oníṣègùn náà ń sọ oúnjẹ tó tọ́ fún ara wọn. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra wọn ni gbogbo rẹ̀ ń yí padà. Fèrè ìwo wà fún ìpè, ṣùgbọ́n ìpè WhatsApp yá ju ìyẹn lọ. Aṣiṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnìkan máa jà kó gbàgbé láti pè. Fighter torso, tó jẹ́ èrè tí gbogbo ènìyàn ń lé, gba máàkì 375 ní ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pa Penance Queen, ọbabìnrin àwọn ọ̀tá ibẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni Shield of Arrav àti steel. Barbarian Assault àti Tombs of Amascut, ogun ńlá kan tó ń gba tó ènìyàn 8, ti àwọn tó ń sanwó ni. Bond kan jẹ́ ọjọ́ 14. Ironman lè fi owó inú géèmù rà á, ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀ fún ẹni tuntun, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ owó gidi ni gbogbo yín máa san. Ẹ kọ́kọ́ gbá ti ọ̀fẹ́ títí gbogbo yín á fi wọ steel, kí ẹ tó jọ san án lọ́jọ́ kan náà.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó bá fẹ́ yan Hardcore, irú Group Ironman tí ikú ní iye. Iye ẹ̀mí tí ẹgbẹ́ ní kò ju iye ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Ẹni mẹ́rin, ẹ̀mí mẹ́rin. Tick 0.6 lè gbà yín lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì tó lọ́ra, kò lè gbà yín lọ́wọ́ èyí tó já. Bí ó bá já lójú ogun, akọni yín á ṣì dúró fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n á máa lù ú, Jagex kì í sì í dá irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ padà. Nínú ẹgbẹ́ lásán, ìṣẹ́jú 15 ni ẹ ní láti padà lọ kó ẹrù yín nídìí sàréè. Níbi tí iná ti ń lọ láìsọtẹ́lẹ̀, ti lásán ni kí ẹ yàn.