Linux Mint lórí Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀: Ǹjẹ́ Ó Tó Fi Ṣiṣẹ́ Òòjọ́?

Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, nítorí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀rọ tí kò ní i tilẹ̀ ṣì le koko. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mo fi Linux Mint 22 sí, ètò ìṣiṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí a kì í sì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Wọ́n ní RAM gígábáìtì 2 tó o, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tí kò tó 4 dán an wò.

Ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Windows, Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì àti LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé sì ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà nínú ètò kíbọọ̀dù, a ó bá Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá, tí a kò fi ní máa wá áàpù mìíràn kiri kí a tó lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n kò sí Photoshop fún Linux, ẹni tó sì ń fi fáìlì Excel onímacro (èyí tó ní àṣẹ tí ń dá ṣiṣẹ́ nínú) ṣiṣẹ́, kó dúró sórí Windows rẹ̀.

Ibi tí ó ti le ni àtifi Mint sórí ẹ̀rọ. Fáìlì rẹ̀ sún mọ́ gígábáìtì 3, dátà gidi nìyẹn. A ó kọ ọ́ sí fláàṣì, a ó sì wá bọ́tìnnì tí ẹ̀rọ fi ń ṣí láti orí fláàṣì, èyí tó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ìyá aláṣọ tó kàn fẹ́ kọ ìwé owó fún oníbàárà kò ní ṣe èyí fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kó ṣe é. Ṣebí òun kọ́ ló fi Windows sí i náà, ẹni tó tà á fún un ni. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà fi Mint sí i kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì dán Wi-Fi wò lójú rẹ̀, nítorí àwọn káàdì Wi-Fi Broadcom kan ṣì ń béèrè pé kí a fi Driver Manager inú Mint wá awakọ̀ wọn (driver, ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́), bí kò bá sì sí Wi-Fi, a lè fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kí a tó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.