Akàn Onípátákò Ẹṣin Tí Mo Rà fún Àpótí Omi Iyọ̀ Mi
Akàn onípátákò ẹṣin (horseshoe crab, ẹ̀dá òkun tí ìkarahun rẹ̀ rí bí pátákò ẹṣin) kékeré tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Amẹ́ríkà níbí dé ilé láàyè, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á kò sọ fún mi pé abo rẹ̀ lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tìrù-tìrù, bí ó bá dàgbà. Òǹtajà náà ní ìdọ̀tí inú iyanrìn ni yóò máa jẹ. Irọ́ gbáà ni, nítorí ekòló òkun àti ẹran inú ìkarahun ni oúnjẹ rẹ̀, ebi ló sì sábà máa ń pa á nínú àpótí. Alaalẹ́ ni mò ń fi ẹ̀mú ti ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí àárín ẹsẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. (Aláǹtakùn ló bá tan ju akàn lọ.) N kò ní rà á níbẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn ún wò nígbà tó bá ń fi ìrù ṣóńṣó yẹn yí ara rẹ̀ padà.