Wọ́n fọ ohùn Màmá títí ó fi di ohùn ẹlòmíràn: àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan tí ó ń tún fíìmù ṣe ní Àkúrẹ́

Ìyá kan tí ó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí àpótí nínú yàrá rẹ̀ ní Arákàlẹ̀, a sì fi fíìmù tí a ṣe nípa rẹ̀ hàn án. Ó rí ojú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó rí odó rẹ̀, ó nàka sí i kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè rí i. Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán, ó tẹ́tí díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní: “Ta ni ìyá tí ó ń sọ̀rọ̀ yìí? Kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́.”

Ohùn tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Àwa márùn-ún ni a ṣe fíìmù náà, kò sì sí ẹni tí ó tíì pé ọmọ ọdún 27 nínú wa. Ìṣẹ́jú 17 ni gbogbo rẹ̀. Màmá ti ń gún iyán tà nítòsí Ọjà Ọba láti ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a tó gbé kámẹ́rà rárá ni a ti fẹnu kò pé a kò ní lo AI, ìyẹn sọ́fítíwià tí ó ń dá ohùn àti àwòrán ṣe bí ènìyàn, fún ohunkóhun tí etí yóò gbọ́ tàbí tí ojú yóò rí nínú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹ̀rọ. Kámẹ́rà tí a lò kò hù nínú oko. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ènìyàn kan kò bá sọ ọ́, bí ènìyàn kan kò bá sì ṣe é, kí ó má ṣe wọ inú fíìmù wa. A kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ìlà kẹta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó tún ohùn àti àwòrán fíìmù náà ṣe kà á lójú wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu ọwọ́ lù ú. A san ₦90,000 nínú ₦180,000. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé ìlú kan náà ni gbogbo wa jọ ń gbé.

Ilé ìdáná Màmá ni a ti gba ohùn náà sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lẹ́yìn ògiri. A mọ̀ pé ariwo wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e lọ fún wọn. Dípò kí wọ́n yọ ariwo kúrò, ńṣe ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ Màmá fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì fi ohùn tí ó jọ tirẹ̀ sọ ọ́ lákọ̀tun. Gbogbo ibi tí Màmá ti pe ilé ní “ulé”, ẹ̀rọ pè é ní “ilé”. Gbogbo “usu” rẹ̀ di “iṣu”. Mímí rẹ̀ pàápàá, wọ́n gé e dànù: nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ odó á balẹ̀, á mí hìn-ín, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tí ó dá a dúró. Ẹni tí ó bá ti gún iyán rí mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè rojọ́ geere lórí odó bí akéde orí rédíò. Pósítà tí wọ́n fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́ tún burú ju ìyẹn lọ, odó inú rẹ̀ ní etí méjì bí ìkòkò ọbẹ̀, Màmá sì dé adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bò ó lójú, bí ẹni pé Déjì ni ó ń gún iyán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́ta nínú wa lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tí ó ń gba àlejò kí wa dáadáa, ó gbé omi tútù wá, ó sì rántí orúkọ fíìmù wa láìwo ìwé. N kò lè parọ́ mọ́ ọn, ìwà rẹ̀ dára. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni a fi jókòó kí ọ̀gá tó pè wá wọlé.

“Ohùn tí ẹ gbé wá dọ̀tí,” ni ó sọ. “Mo bá yín fọ̀ ọ́.”

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ kò fọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.”

Mo tẹ ìka mọ́ ìlà kẹta nínú ìwé àdéhùn. Ó ní AI kọ́ ni òun lò, sọ́fítíwià ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún un sọ, ó ń fi ohùn sókè sí i. Nígbà tí ìyẹn kò tà, ó ní àwa ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí ayé ń ṣe, pé lọ́dún 2025 òṣèré kan gba àmì ẹ̀yẹ Oscar nínú fíìmù tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún èdè Hungary ṣe lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ ni, mo mọ̀ nípa rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ní 2023 àwọn òǹkọ̀wé Hollywood fi ọjọ́ 148 dá iṣẹ́ dúró, àwọn òṣèré fi 118, AI sì wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí àwọn òṣèré padà, àdéhùn wọn sọ pé bí ẹnikẹ́ni yóò bá fi ẹ̀rọ ṣe àwòkọ wọn, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ó sì sanwó. Mo bi í pé ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Màmá. Kò dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò jẹ́ kí n sọ tán ni pé àwọn tí ó ṣe fíìmù Oscar yẹn ń wá bí àlejò yóò ṣe dún bí onílé. Òun sọ onílé di àlejò nínú ilé ìdáná ara rẹ̀.

A jáde pẹ̀lú ìbínú, mo sì ti ń kọ ìdájì ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń rí sí ohùn níbẹ̀ sáré bá wa lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ọ̀gá ni ó ní kí òun lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n òun kò pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí òun mọ̀ pé a óò padà wá. Ìyá òun náà ń pe ilé ní “ulé”. Ó ní kí a fún òun ní alẹ́ méjì.

Mo bá a jókòó ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ó fi ariwo jẹnẹrétọ̀ náà hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: ìlà kan ní 50 hertz, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, òmíràn ní 100, òmíràn ní 150, wọ́n tò bí àkàbà. Ó ń gé wọn tín-ín-rín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ hẹ́dífóònù, ó ń fi í sí mi létí, ó ń béèrè bóyá mímí Màmá ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó fi owó ara rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Arákàlẹ̀ láti gba ìdákẹ́jẹ́ ilé ìdáná náà sílẹ̀, kí ó lè fi dí àwọn ibi tí ó gé. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ó nílò. Màmá kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Òun náà ni ó bi wá ní ìbéèrè tí ó le jù: ẹ̀rọ tí òun fi ń gé ariwo ńkọ́, ṣé a gbà á? A ti jiyàn lé e lórí gan-an. Mẹ́rin nínú wa gbà pé ẹ̀rọ lè mú nǹkan kúrò, kò gbọdọ̀ fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ síbẹ̀. Ẹni karùn-ún kò tíì fara mọ́ ọn títí di òní.

Kí n má gbàgbé: àwọ̀ àwòrán tí wọ́n tún ṣe dára púpọ̀. Èéfín jọ èéfín, ara Màmá dúdú bí ó ṣe dúdú, wọn kò fi ìmọ́lẹ̀ bó o.

Nígbà tí a tún fíìmù náà fi han Màmá, kò yìn wá. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ó ti ń sọ iye tí usu jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò, ó pariwo pé òun ṣi owó náà sọ, kí a padà lọ tún un ṣe. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kò bẹ̀ wá títí di òní, ó sì tún kọ ₦15,000 sí risíìtì ìkẹyìn fún “àtúnṣe”. A san án. Ibẹ̀ náà ni a óò gbé fíìmù tí ó kàn lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni a óò sì béèrè kí a tó jókòó.

Máàkì: 4 nínú 5. Odó elétí yẹn ni mo yọ ọ̀kan fún.