Lọ́rì Bedford TK àbí Mercedes 911?

Àwa tá a wa lọ́rì l'Abẹ́òkúta láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ yìí kì í tán láàárín wa. TK ni tèmi. Láti 1960 tó ti jáde ni kò ti ní imú tó yọ síwájú: ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà ni ẹ́ńjìnì wà, ìdérí ẹ̀gbẹ́ lẹ ó ṣí kẹ́ ẹ tó rí i. Ní kọ́nà tóóró Ìtòkú, mo máa ń rí ilẹ̀ iwájú mi kedere, títí kan ewúrẹ́ tó sùn sójú títì. Òótọ́ ni pé ooru a máa yan ẹ̀yìn mi bí àgbàdo (ìyàwó mi ní mò ń rùn bí epo dísẹ́ẹ̀lì). Mercedes 911 nímú ní tiẹ̀, ó lágbára, mẹkáníìkì sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi yí i padà ní Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà ná!